Ẹ̀tọ́ àfihàn bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ di ikú fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kéékèèké

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, AFCON, bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire lóṣù Kínní ọdún 2024, ìròyìn kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́nu. MultiChoice, iléeṣẹ́ tó ni DStv àti GOtv, sọ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn ìdíje náà. Àwọn tó ti san owó oṣù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ máa wò. Ibo wá ni ẹ̀tọ́ náà wà? Lomé ló wà, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní New World TV, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà padà yanjú. Ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí SuperSport, tó jẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá MultiChoice, kéde pé òun ti rí ẹ̀tọ́ náà gbà. SABC, iléeṣẹ́ ìjọba South Africa, náà bá New World TV dúnàádúrà. Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá. Wọ́n na South Africa nínú pẹnáritì ní Bouaké, kí Côte d'Ivoire tó fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan borí wọn lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó tún béèrè bí iléeṣẹ́ kékeré kan láti Togo ṣe di ẹni tí àwọn ńlá ń wá lọ sí ilé rẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ohun tí iléeṣẹ́ Lomé yìí ṣe, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré ní Kano, Enugu, Ìbàdàn, Accra tàbí Cotonou kì í sábà rí i ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san bó ṣe yẹ, ká má tíì sọ owó bọ́ọ̀lù. Àwọn tó sì ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, ìparí ìtàn wọn kò dùn ún gbọ́. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń pa wọ́n. Dídá ra ẹrù tó wúwo ju agbára ẹnìkan lọ ló ń pa wọ́n, níbi tí òfin kò ti ṣí ọ̀nà fún wọn láti rí ìpín tiwọn rà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù?

Ọ̀pọ̀ olùwòran rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kámẹ́rà àti satẹláìtì lè ṣàfihàn bọ́ọ̀lù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ṣètò ìdíje ló ni àwòrán rẹ̀. CAF ló ni AFCON, FIFA ló ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni Premier League. Wọ́n á gé ẹ̀tọ́ náà bí ẹní gé aṣọ: ti orílẹ̀-èdè kan lọ́tọ̀, ti èdè kan lọ́tọ̀, ti tẹlifíṣàn tí wọ́n ń sanwó oṣù wò lọ́tọ̀, ti tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, ti íntánẹ́ẹ̀tì náà lọ́tọ̀. Sáà mélòó kan ni wọ́n máa ń tà á fún, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbé e sọ́jà.

Ẹni tó bá rà á lè tún gé díẹ̀ tà nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí àdéhùn bá gbà á láyè. Ohun tí New World TV ṣe lọ́dún 2024 nìyẹn. Ó di alágbàtà. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ CAF, ó sì tún tà lára rẹ̀ fún àwọn tí oníbàárà wọn pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rajà yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lówó. Àwọn olówó ẹrù sábà máa ń fẹ́ kí báńkì dúró fún un. Wọ́n ń fẹ́ owó àkọ́san, wọ́n sì máa ń yan ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ náà kì í dúró de ẹni tó ń polówó ọjà lórí tẹlifíṣàn náà kó tó sanwó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó borí tí wọ́n sì kógbá sílé

Lọ́dún 2007, iléeṣẹ́ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ HiTV, tí agbẹjọ́rò Toyin Subair dá sílẹ̀, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ó gba ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà mọ́ DStv lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ràn Arsenal, Chelsea àti Manchester United sáré lọ ra dikódà HiTV. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn pé ọmọ Nàìjíríà ti já ọjà náà gbà.

Sáà mẹ́ta ni ayọ̀ náà lò. Lọ́dún 2010, ẹ̀tọ́ náà padà sọ́dọ̀ SuperSport. Àwọn oníbàárà tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ, wọn kò dúró ti iléeṣẹ́. Kí ọdún 2011 tó parí, HiTV ti kúrò lórí afẹ́fẹ́. Dikódà tó wà nílé àwọn èèyàn di ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ túká.

HiTV nìkan kọ́. Ní àkókò kan náà, iléeṣẹ́ kan tó ní olú iléeṣẹ́ ní London, tó ń jẹ́ Gateway Broadcast Services, gbé GTV dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Òun náà ra púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ Premier League. Lóṣù Kínní ọdún 2009, ó tilẹ̀kùn lójijì. Ọ̀dá owó tó mú gbogbo ayé nígbà náà kò jẹ́ kó rí ẹni tó máa yá a lówó mọ́. Àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ láti Ghana títí dé Kenya àti Uganda jí lówùúrọ̀, wọn kò rí nǹkankan lójú tẹlifíṣàn wọn.

Yorùbá ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ inú kòtò yìí kò ṣòro. Iléeṣẹ́ tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò tíì ní oníbàárà. Bọ́ọ̀lù ló ni oníbàárà, ó kàn yá a fún sáà mélòó kan ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ bá bọ́, oníbàárà á lọ, gbèsè á dúró.

Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, náírà ni wọ́n ń tà á

Ohun kejì tó ń fọ́ iléeṣẹ́ kéékèèké ni owó tí wọ́n fi ń rajà. Dọ́là tàbí Euro ni CAF, FIFA àti àwọn líìgì Yúróòpù ń gbà. Náírà ni oníṣòwò tó fẹ́ polówó ọṣẹ tàbí ìndómì ń san.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Nàìjíríà buwọ́ lùwé níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023 pé òun máa san $100,000 fún ẹ̀tọ́ kan. Lọ́jọ́ tó buwọ́ lùwé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦470, nítorí náà gbèsè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦47 mílíọ̀nù. Láàárín oṣù náà ni Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, tí Super Eagles ń gbá àṣekágbá, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi ₦1,500. Gbèsè tó jẹ́ ₦47 mílíọ̀nù ti di ₦150 mílíọ̀nù. Iléeṣẹ́ náà kò ra ohun mìíràn, kò ná ìnákúnàá kankan. Ó kàn ń sùn ni, gbèsè rẹ̀ ń dàgbà. Kò sì sí oníṣòwò tó máa gbà kí wọ́n fi owó ìpolówó rẹ̀ lọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́jọ.

Ibí yìí ni Lomé ti yàtọ̀ sí Èkó. Owó CFA tí wọ́n ń ná ní Togo, wọ́n ti so ó mọ́ Euro: Euro kan jẹ́ CFA 655.957. Iléeṣẹ́ tó bá fi Euro rajà ní Lomé mọ iye tó máa san lọ́dún tó ń bọ̀. Bákan náà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń ná owó kan náà, láti Senegal títí dé Niger. Ẹni tó bá ń sanwó oṣù ní Dakar àti ẹni tó ń san án ní Cotonou, owó kan náà ni wọ́n ń san. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ohun tí wọ́n ń bá owó CFA jà sí, wọ́n sì ní ìdí. Àmọ́ nídìí òwò ẹ̀tọ́ àfihàn, ó fún iléeṣẹ́ Lomé ní ilẹ̀ tó dúró, nígbà tí ti Nàìjíríà ń dúró lórí omi.

Iná ọba tún wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kò lè pa ẹ̀rọ nítorí pé kò sí iná. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Ní oṣù Kínní ọdún 2022, àjọ tó ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, sọ pé lítà dísẹ́ẹ̀lì kan wà ní nǹkan bíi ₦288. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá ₦800. Iléeṣẹ́ ńlá ń fi owó oníbàárà orílẹ̀-èdè púpọ̀ ra dísẹ́ẹ̀lì. Iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń fi owó ìkéde òkú, ìgbéyàwó àti ìpàdé ìjọ rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ẹni tó kàn ń ta àkókò: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò ló máa wá owó wá, iléeṣẹ́ á kàn gbé e sáfẹ́fẹ́.

Iléeṣẹ́ 52 tí NBC fẹ́ tì pa

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó hàn gbangba lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Lọ́jọ́ náà ni àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, NBC, kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn 52. Ó ní wọ́n jẹ ₦2.66 bílíọ̀nù tó ti ń kóra jọ láti ọdún 2015, ó sì fún wọn ní wákàtí 24. AIT àti Silverbird wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni náà wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ SERAP àti ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ìròyìn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá NBC lọ́wọ́ kọ́. NBC náà ti dẹwọ́ díẹ̀ fún àwọn onígbèsè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo iye náà dáadáa. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba láàárín iléeṣẹ́ 52, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦51 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọdún méje. Iléeṣẹ́ tí kò rí èyí san fún ìwé àṣẹ rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dá nìkan lọ bá CAF tàbí FIFA sọ̀rọ̀?

Iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ gbèsè lónìí ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ iléeṣẹ́ tí Nàìjíríà fi yangàn rí. WNTV tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba agbègbè ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ó fi hàn pé iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè lè ṣiṣẹ́ ńlá bí ẹni tó ni ín bá fi owó sí i.

Òfin tí ilé ẹjọ́ fagi lé

Kò ṣe é sọ pé ìjọba Nàìjíríà kò gbìyànjú. Lọ́dún 2020, NBC ṣàtúnṣe sí ìlànà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Lára àtúnṣe náà ni pé kí iléeṣẹ́ kan má ṣe dá jẹ́ ẹ̀tọ́ eré ìdárayá mọ́. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ ta lára rẹ̀ fún àwọn yòókù tó bá fẹ́ rà á. Lai Mohammed, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, gbè é lẹ́yìn pé yóò ṣí ọ̀nà fún àwọn kéékèèké.

Àwọn tó tako o náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó fi owó ńlá rajà kò yẹ kí wọ́n fipá mú un láti pín in, pé irú òfin bẹ́ẹ̀ máa lé àwọn olùdókòwò lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dájọ́ pé NBC kò ní agbára láti ṣe ìlànà tó kan ẹ̀tọ́ àwòkọ, nítorí òfin mìíràn ló ń ṣàkóso ìyẹn. Bí ìlànà náà ṣe kú nìyẹn.

Ìdájọ́ náà kò sọ pé èrò náà burú. Ohun tó sọ ni pé ọwọ́ tí kò yẹ ló gbé e wá. Àjọ kan kò lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó yí òfin tí àwọn aṣòfin ṣe padà. Bí Nàìjíríà bá fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rí Super Eagles wò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lófin. Láti ìgbà náà, àwọn aṣòfin ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ tuntun, tí ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù Kẹta ọdún 2023. Àyè wà fún wọn láti tún jókòó lórí èyí náà.

South Africa ti ṣe irú rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń sanwó oṣù wò ra eré ìdárayá tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́nà tí kò ní jẹ́ kí tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ rí i ṣàfihàn. Síbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí sáà líìgì South Africa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wo SABC kò rí bọ́ọ̀lù. SuperSport ló ni ẹ̀tọ́ líìgì náà, òun àti SABC kò sì fẹnu kò lórí iye owó. Àfìgbà tí ìjọba dá sí i. SABC ń jẹ gbèsè nígbà náà, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fún un ní rand bílíọ̀nù 3.2 kó má baà kú.

Ohun tí South Africa fi kọ́ni ni pé òfin nìkan kò tó. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ọjà, kò lè fi owó sí àpò ẹni tó fẹ́ rajà.

Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn kéékèèké náà

Kò ní dára kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru CAF, NBC àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré tó ń pariwo pé bọ́ọ̀lù wọ́n ló ń fi fíìmù Nollywood hàn láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe é. Ọdún dé, ọdún lọ, àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá, Hausa àti Igbo ń ráhùn pé àwọn kàn ń rí iṣẹ́ àwọn lórí tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn máa ń fa bọ́ọ̀lù láti ara satẹláìtì ẹlòmíràn, wọ́n á fi àmì tiwọn bo àmì onítọ̀hún, wọ́n á sì máa gba ìpolówó lé e lórí.

Olè jíjà ni. Bí iléeṣẹ́ kan bá ń jí iṣẹ́ òṣèré ìlú rẹ̀ lò, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ fún iléeṣẹ́ ńlá pé kó pín bọ́ọ̀lù fún òun ní ọ̀nà tó tọ́? Kò sì sí báńkì tàbí oníṣòwò tó ní làákàyè tó máa fi owó sí iléeṣẹ́ tí agbẹjọ́rò lè tì pa lọ́la.

Ìṣòro kejì ni ìgbéraga. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iléeṣẹ́ tí kò tíì san owó oṣù mẹ́ta tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ kó lọ yá owó nítorí Premier League, kí wọ́n lè máa sọ pé òun náà ti dé. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà, ẹni tó ń ka ìròyìn àti awakọ̀ ló máa fi ebi san gbèsè náà. Owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró nígbà tí owó bá tán, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó jẹ́ ohun tí wọ́n máa kẹ́yìn fọwọ́ kàn.

Kí wọ́n dá àjọ

Lọ́jà, bí àpò ìrẹsì kan bá kọjá agbára obìnrin kan, obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á dáwó, wọ́n á rà á, wọ́n á sì fi kóńgò pín in. Kò sí ẹni tó jẹ gbèsè, kò sì sí ẹni tó sun ebi. Àwọn baba náà máa ń ṣe àáró lóko. Ọgbọ́n yìí ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kéékèèké gbọ́dọ̀ gbé lọ sídìí ẹ̀tọ́ àfihàn.

Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, BON, ti wà nílẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Kí BON ní àpótí kan tó jẹ́ ti ẹ̀tọ́ eré ìdárayá nìkan, kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dá owó sí i lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, kí ẹni tí gbogbo wọn fọkàn tán máa ṣe ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí àkókò bá tó láti ra AFCON, ohùn kan ni wọ́n máa fi bá CAF sọ̀rọ̀. Oníṣòwò ńlá tó fẹ́ polówó ọjà ní gbogbo ìpínlẹ̀ á rí ibi kan ṣoṣo tó máa san owó sí. Bí dọ́là bá sì gbówó lórí, ẹrù náà á pín sórí èèyàn púpọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ Ghana, Sierra Leone àti Liberia náà lè wọlé, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n fi ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù.

Ohun kejì wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Kí wọ́n kọ orúkọ ìdíje díẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin, kó má pọ̀ jù: ìdíje tí Super Eagles àti Super Falcons bá ti ń gbá ní AFCON àti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àti àṣekágbá AFCON. Kí òfin sọ pé tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ìwọ̀nyí rà ní owó tó bójú mu, kí adájọ́ tàbí olùlàjà kan sì wà tó máa sọ iye tó bójú mu bí ẹnu wọn kò bá kò. Premier League àti àwọn líìgì yòókù kò sí nínú èyí. Ẹni tó bá rà wọ́n, kó jẹ èrè rẹ̀.

Ohun kẹta wà lọ́wọ́ CAF. Kò bójú mu kí AFCON ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn olùwòran tó mọ ibi tí wọ́n ti máa wò ó. Kí CAF kéde ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, kó ya ti tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kó sì gbà kí àwọn ẹgbẹ́ bíi BON san owó díẹ̀díẹ̀. CAF ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹrù bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Àdéhùn tí wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù dọ́là kan tó bá Lagardère ṣe fún ọdún méjìlá, lọ́dún 2019 ló fòpin sí i, ọ̀rọ̀ sì di ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní lè dúró pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ilẹ̀ Faransé gba MultiChoice. Iléeṣẹ́ tó lágbára jù ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé àti èyí tó lágbára jù ní àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti di ti ẹnìkan. Àwọn olùtajà tó bá fẹ́ ta bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà kò ní ẹni púpọ̀ láti bá dúnàádúrà mọ́. Iléeṣẹ́ kékeré tó bá dá nìkan lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ló ti máa mọ̀ pé òun kò ní rí nǹkan rà.

Láìsí bọ́ọ̀lù pàápàá, wọ́n ṣì ní ohun tí Canal+ kò ní. Wọ́n mọ èdè àwọn èèyàn wọn. Eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́, líìgì ìpínlẹ̀, ìjàkadì, ayẹyẹ Durbar ní Kano, ọdún ẹja pípa ní Argungu: kò sí ẹni tó máa fi dọ́là ta ìwọ̀nyí fún wọn. Iléeṣẹ́ tó bá gba àdéhùn lórí ìwọ̀nyí, tó kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì tọ́jú fídíò rẹ̀ dáadáa, òun náà á di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tí àwọn ẹlòmíràn á wá rà.

CAF ti gbé AFCON 2027 fún Kenya, Uganda àti Tanzania. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń ṣe ìṣirò tiwọn. Bí BON àti àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ náà báyìí, ìtàn ọdún 2024 ló máa tún ṣẹlẹ̀. Ìdíje á kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tí kò lágbára owó dikódà á máa béèrè ibi tí wọ́n ti máa wo ọmọ ìlú wọn, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí kò tíì gba owó oṣù á sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran, á san owó ìwọlé láti wo bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ òun gan-an ló ń fi hàn wọ́n.